TATA TÓ Ń BÁ WA JẸ GÀRÍ, ÒUN NÁÀ NÍ Ẹ̀RÙJẸ̀JẸ̀ TIẸ̀

Bí owó gàrí bá ti lé lọ́jà, ìjọba ni gbogbo èèyàn máa ń bú. Ta ló ń rántí tata? Bẹ́ẹ̀ sì rèé, tata aláwọ̀ mèremère tó máa ń rùn bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án yẹn, ó ti sọ ọ̀pọ̀ oko ẹ̀gẹ́ di igi lásán. Tó bá jẹ ewé tán, á tún bó èèpo ara igi ẹ̀.

Bí òjò bá ti ń bẹ̀rẹ̀, abo á wá ibi ìbòòji nínú igbó, á ki ìdí bọlẹ̀, á yé ẹyin síbẹ̀. Wọn kì í dá a ṣe o, ńṣe ni wọ́n máa ń rọ́ jọ sójú kan. Ó di bí oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá kí ẹyin náà tó pa. Inú ewé Akíntọ́lá ni àwọn ọmọ tata máa ń wọ́ jọ sí (àwọn kan ń pe ewé yìí ní Awólọ́wọ̀, ìjà òṣèlú ò fi igbó sílẹ̀!). Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá wá mú, tí ewé igbó gbẹ, ẹ̀gẹ́ ló kù tó tutù.

Ṣùgbọ́n ẹni tó mú tata wà. Èbu ni, ẹbí èyí tó ń hù sára búrẹ́dì tó bá pẹ́ nílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Entomophaga grylli. Á gba awọ tata wọlé, á máa jẹ ẹ́ nínú. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó kú, tata á gun orí koríko lọ, á dì í mú gírígírí, ibẹ̀ ló máa kú sí. Èbu ló rán an o! Láti òkè yẹn ló ti máa ràn mọ́ àwọn tó kù.

Ojú ọjọ́ ló ń darí ọ̀rọ̀ náà. Bí òjò bá ń rọ̀, tí ìrì ń sẹ̀ lóru, òkú tata á kún orí koríko. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú, èbu ò rọ́wọ́ mú. Àwọn tata kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé bí àrùn bá mú wọn, oòrùn ni wọ́n á lọ yá títí ara wọn á fi gbóná ju ohun tí èbu lè fara dà.

Àwọn onímọ̀ kan, tó fi mọ́ àwọn ará IITA ní Kútọnu, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n pè ní LUBILOSA lọ́dún 1989. Èbu mìíràn, Metarhizium, ni wọ́n pò mọ́ epo, kó lè ṣiṣẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Green Muscle ni wọ́n sọ oògùn náà. Àmọ́ ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta kó tó pa tata, àgbẹ̀ tó ń wo oko ẹ̀ tó ń tán lọ lójú ara ẹ̀ kì í sì í ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀. Kẹ́míkà tó ń pa lójú ẹsẹ̀ ló máa sáré rà.

Ọkọ́ náà ṣì wà níbẹ̀. Kí wọ́n sàmì sí ibi tí tata yé sí, kí wọ́n hú u síta kí ẹyin tó pa, oòrùn á gbẹ ẹ́ dànù. Ibi tó ti le ni pé gbogbo ará oko ló gbọ́dọ̀ jọ ṣe é. Bí àgbẹ̀ kan bá hú tiẹ̀, tí ẹni tó múlé tì í lóko jókòó sílé, tata tonítọ̀hún ló máa jẹ oko àwọn méjèèjì.