Àmì Ohùn Kì í Ṣe Ẹ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ọmọ Ìṣẹ̀ṣe, ọfọ̀ ni ọ̀rọ̀ agbára tí à ń pè. Òfò ni àdánù. Ọ̀fọ̀ ni ìbànújẹ́ ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú. Bí a bá tẹ “ofo” lásán, èwo ni ẹni tó ń kọ́ ẹsẹ Ifá ní Bràsíl tàbí Kúbà, tí kò ní ju ojú ìwé lọ, yóò dì mú?

Àwọn kan ní títẹ àmì ń dá iṣẹ́ dúró. N kò gbà. Nínú Microsoft Word, ẹ tẹ 1ECD, ẹ yan kóòdù náà nìkan, kí ẹ sì tẹ Alt àti X pọ̀: ọ yóò jáde. 1EB9 ni ti ẹ, 1E63 ni ti ṣ. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ 0301 lẹ́yìn fáwẹ̀lì, àmì òkè yóò gùn ún. 0300 ni ti ìsàlẹ̀. Lórí fóònù, Gboard ní pátákó ìtẹ̀wé Yorùbá.

Dùndún kò ní lẹ́tà kankan, ohùn nìkan ló ní. Síbẹ̀ à ń gbọ́ ohun tó ń wí. Àwa tí a ní lẹ́tà wá ń ju ohùn nù! Kí ẹ tó fi oríkì tàbí ẹsẹ Ifá ránṣẹ́, ẹ fi àmì sí i. Ẹni tí kò ní àgbà nítòsí tí yóò tọ́ ọ sọ́nà, àmì yẹn ni yóò gbára lé.