Abẹ́rẹ́ Ínsúlínì Kì í Gbààwẹ̀

"Mi ò jẹun, kí ni mo tún fẹ́ fi abẹ́rẹ́ ṣe?" Bí ọ̀dọ́ tó ní àtọ̀gbẹ bá sọ èyí nínú Ràmàdáánì, kí àwọn òbí rẹ̀ má ṣe dákẹ́, torí èrò yìí lè gbẹ̀mí ọmọ kíákíá ju ebi lọ.

Àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní, tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lára ọmọdé àti ọ̀dọ́, ni kì í jẹ́ kí ara lè pèsè ínsúlínì fúnra rẹ̀. Bí ẹnu tilẹ̀ dilẹ̀, ẹ̀dọ̀ kì í sinmi: láti sààrì títí di ìṣínu ló ń tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀. Bí kò bá sí ínsúlínì tí yóò kó o wọnú ẹran ara, ọ̀rá ni ara yóò máa jó. Oró kíkan yóò kún inú ẹ̀jẹ̀, ọmọ yóò máa bì, yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì lè dákú. Àìjẹun kò lè rọ́pò ínsúlínì: Leonard Thompson, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n gún ní ínsúlínì ní Toronto ní 1922, ọmọ ọdún 14 ni. Ìfebipani ni ìtọ́jú tó ń gbà tẹ́lẹ̀, ó sì ti rù kan eegun kí oògùn náà tó dé.

Ewu kejì ni kí ṣúgà já wálẹ̀. Ìwádìí EPIDIAR, tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 13 ní 2001, rí i pé láàrin àwọn olóríṣi kìíní, ìjáwálẹ̀ ṣúgà tó ń gbéni dé ilé ìwòsàn di ìlọ́po 4.7 nínú Ràmàdáánì. Nítorí ewu méjèèjì yìí ni ìlànà 2021 ti IDF, àjọ àtọ̀gbẹ àgbáyé, àti DAR, ẹgbẹ́ tó ń rí sí àtọ̀gbẹ nínú Ràmàdáánì, fi ní kí aláàwẹ̀ ṣínu lójú ẹsẹ̀ bí ṣúgà bá kéré sí 70 mg/dL tàbí tó ju 300 mg/dL lọ. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò àti bébà rẹ̀ kò yẹ kó gbààwẹ̀ rárá.

Ẹ̀sìn kò ni ọmọ náà lára. Súrà Bákárà, ẹsẹ 184, yọ̀ǹda fún aláìsàn, ó sì mẹ́nu ba bíbọ́ mìsíkínì. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀sìn sì gbà pé abẹ́rẹ́ ínsúlínì àti gígún ìka fún àyẹ̀wò kì í ba ààwẹ̀ jẹ́.

Ojútì ló le jù. Ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, níbi tí Kìrìsìtẹ́nì ti pọ̀ ju Mùsùlùmí lọ, ààwẹ̀ ni ọ̀dọ́ fi ń fi hàn láàrin ẹgbẹ́ pé Mùsùlùmí lòun. Ta ni yóò fẹ́ kí wọ́n bá òun nídìí oúnjẹ lọ́sàn-án gangan? Òmíràn á fi òòyì tó ń kọ́ ọ pamọ́ fún ìyá rẹ̀ títí ìrọ̀lẹ́.

Ilé ìwòsàn ìkọ́ni UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn, wà nílùú méjèèjì. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ṣáájú ààwẹ̀ ló yẹ kí òbí mú ọmọ lọ, torí Ṣáábánì, oṣù tó ṣáájú Ràmàdáánì, ti pẹ́ jù. Fún ẹni tó ń lo ínsúlínì alápòpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, dókítà sábà máa ń gbé ti òwúrọ̀ lọ sí ìṣínu, á sì gbé ti ìrọ̀lẹ́ lọ sí sààrì, á dín in kù. Òbí kò gbọ́dọ̀ dá èyí ṣe nílé. Bí iná bá lọ nínú ooru ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n di oògùn náà sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kí wọ́n gbé e sínú ìkòkò amọ̀ tútù níbi tí oòrùn kì í dé.

Kí àwọn lèmọ́mù ìlú méjèèjì sọ ọ́ nínú wáàsí Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú Rájábù, oṣù tó ṣáájú Ṣáábánì: ọmọ tó ń lo ínsúlínì, ìbáà gbààwẹ̀, ìbáà má gbà á, kó má fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.