Olùkọ́ Kíláàsì Ìkẹyìn

Ọ̀rọ̀ tí ó wà lọ́kàn mi lónìí kan gbogbo ilé tí ọmọ kan nínú rẹ̀ wà ní kíláàsì ìkẹyìn ilé-ẹ̀kọ́ girama, tí ó sì ń retí ìdánwò àjọ WAEC.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tí ó kọjá, ọmọ mi obìnrin mú ìwé pélébé kan bọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí èmi kì yóò dárúkọ. A ti san owó ìdánwò tán, ṣùgbọ́n ìwé náà wí pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan tún mú owó wá fún "ìtọ́jú àlejò." Mo bi í léèrè irú àlejò tí ń bọ̀. Ó wolẹ̀, ó sì dáhùn pé, "Bàbá, owó àwọn tí yóò bá wa kọ ìdáhùn sójú bọ́ọ̀dù ni." Nígbà tí mo béèrè iye àwọn tí kò tíì san, ó ní òun àti àwọn méjì mìíràn ni.

Inú bí mi. Mo gbéra, ó di ọ̀dọ̀ olùkọ́ ìṣirò wọn, nítorí mo rò pé òun ni ó wà nídìí rẹ̀. Mo ṣẹ̀ ẹ́ nínú èrò yẹn. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo bá ọkùnrin náà ní òun nìkan nínú kíláàsì, ó ń fi bírò pupa yẹ ìwé àwọn ọmọ wò. Ó dìde kí mi, ó fún mi ní ìjókòó. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo bá wá, ó dákẹ́ títí, kí ó tó wí pé: "Ẹ̀gbọ́n, ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ yìí. Bí mo bá wá kọ ìdáhùn fún wọn lọ́jọ́ ìdánwò, èmi fúnra mi ni mo jẹ́rìí pé n kò kọ́ wọn ní nǹkan kan. Ojú wo ni n ó fi wò wọ́n lẹ́yìn náà?"

A máa ń sọ ti òfin tí a ṣe ní ọdún 1999 lòdì sí èrú nínú ìdánwò. A sì máa ń sọ ti èsì tí àjọ WAEC ń dá dúró nígbà tí wọ́n bá fura sí ilé-ẹ̀kọ́ kan. Ohun tí èrú yìí ń sọ olùkọ́ dà, a kì í sọ ọ́.

Ká má purọ́, iṣẹ́ wọn kò rọrùn. Nígbà tí a ṣí ilé-ẹ̀kọ́ girama ti CMS ní Èkó ní ọdún 1859, ọmọ mẹ́fà péré ni Thomas Babington Macaulay fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1979, ìjọba ẹgbẹ́ UPN sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Òǹdó. Ohun rere ni, ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà ló tipa bẹ́ẹ̀ rí ìwé kà. Ṣùgbọ́n yàrá àti olùkọ́ kò pọ̀ tó wọn. Láti ìgbà tí ètò tuntun sì ti bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ọdún mẹ́ta ti kékeré, mẹ́ta ti àgbà ni girama. Ọmọ tí ìṣirò ṣú lójú nínú mẹ́ta àkọ́kọ́, olùkọ́ kíláàsì ìkẹyìn ni ó ń jogún rẹ̀.

Ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni olùkọ́ yìí ní nínú kíláàsì kan. Síbẹ̀, ó fa ìwé ọmọ mi yọ láàrin òkìtì. "Ẹ wò ó, kì í ṣe ọ̀lẹ. Nígbàkúùgbà tí ó bá gbé nọ́ńbà kọjá àmì ìdọ́gba, ó ń gbàgbé láti sọ àròpọ̀ di àyọkúrò. Ohun tí ń ṣe é kò ju èyí lọ. Bí ẹlòmíràn bá bá a kọ ọ́, ta ni yóò rí i?" Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ipò tí ọmọ gbà nìkan ni a máa ń béèrè lọ́wọ́ olùkọ́. N kò tíì béèrè rí ibi tí ọmọ mi ti ń ṣìnà.

N kò san owó àlejò náà. Nígbà tí èsì dé, ọmọ náà ṣe dáadáa nínú ẹ̀kọ́ mẹ́fà, ṣùgbọ́n D7 ni ó gbà nínú ìṣirò, ẹ̀kọ́ tí ó sì fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì kò gba ohun tí ó kéré sí C6. Ìyá rẹ̀ wí fún mi pé, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Àwọn tí ó sanwó ti ń di ẹrù yunifásítì fún ọmọ wọn." N kò rí èsì fún un. Òtítọ́ ni ó sọ, ó sì dùn mí ju bí mo ti jẹ́ kí ó mọ̀ lọ.

Ó ti forúkọ sílẹ̀ báyìí fún ìdánwò ti àwọn aládàáni. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, òun àti àwọn mẹ́rin mìíràn a máa lọ sí ìloro ilé olùkọ́ náà. Ọkùnrin náà kọ owó. Ṣùgbọ́n ó gba páálí ẹfun ìkọ̀wé kan àti iṣu mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ tí ń bínú sí mi náà ni ó gbé wọn lọ. Ní Ọjọ́bọ̀ tí ó kọjá, ilẹ̀ ti ṣú kí ọmọ náà tó wọlé. Kò tíì jẹun tí ó fi tẹ́ ìwé rẹ̀ síwájú mi, ó ní, "Bàbá, ẹ wo ibi tí mo ti yí àmì padà."