Iṣẹ́ Ẹrú àti Iṣẹ́ Ọmọ

Àwọn baba wa a máa wí pé, bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, kí a fi ti ọmọ jẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni, àwa pẹ̀lú sì ti fi kọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ti ọwọ́ wa kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tí a rán ni òwe náà ń bá wí. Ta ni yóò bá ẹni tí ó rán an wí? Ìbéèrè yìí ni a gbé ka iwájú ẹ̀yin ọba àti ìjòyè wa, àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, ní oṣù yìí; nítorí ó ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ ìròyìn èbúté ńlá tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí Àgbádárìgì, àwọn ọmọ wa sì ń fojú sọ́nà fún iṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo etí òkun wa. Nígbà tí àwọn apẹja bá fẹ́ fa àwọ̀n ńlá, àwọn kan a fi ọkọ̀ gbé e wọ inú omi, ìyókù a sì dúró lórí yanrìn pẹ̀lú okùn lọ́wọ́. Iṣẹ́ agbára ni, oòrùn kò sì ṣàánú ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ ẹni tí ó ń fa okùn mọ ìdí tí ó fi ń fà á. Níṣojú gbogbo wọn ni a ń tú ẹja sílẹ̀, níṣojú gbogbo wọn ni a sì ń pín in: ìpín kan fún aláwọ̀n, òmíràn fún ọlọ́kọ̀, ìyókù fún àwọn tí ó fa okùn. Aláwọ̀n mìíràn a máa rẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá rẹ́ wọn jẹ, wọ́n mọ̀, nítorí òkìtì ẹja náà wà níwájú wọn.

Àwa kò wí pé ayé àtijọ́ dára tán. Ìlú tí a ti kó ènìyàn wọ ọkọ̀ ní ọjọ́ òwò ẹrú kò lè pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀fà pẹ̀lú a máa ro oko olówó, iṣẹ́ rẹ̀ a sì dúró fún èlé nìkan. Gbèsè náà kò fi ẹyọ owó kan dín. Kì í ṣe ọkọ́ ni ó mú ayé ìwọ̀fà korò. Ó korò nítorí pé, bí ó ti wù kí ó ṣiṣẹ́ tó, iṣẹ́ náà kò sún un mọ́ òmìnira.

Ní 1844, Karl Marx, ará Jámánì, kọ̀wé pé òṣìṣẹ́ a máa di àjèjì sí ohun tí ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, sí iṣẹ́ náà, sí ẹnìkejì rẹ̀, àti sí ara rẹ̀ pàápàá. Ènìyàn lè kọ ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ ọkùnrin yìí, gẹ́gẹ́ bí àwa oníwàásù ti ń kọ̀ ọ́, kí ó sì gbà pé ojú rẹ̀ ríran níbí. Ní 1911, Frederick Taylor ti Amẹ́ríkà tẹ ìwé tirẹ̀ jáde: kí ọ̀gá máa ronú, kí òṣìṣẹ́ máa ṣe bí a ti là á sílẹ̀ fún un, kí a sì fi aago wọn ìṣísẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. Ọjà pọ̀ sí i nípa ọgbọ́n yìí. Ṣùgbọ́n a gba orí lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ọwọ́.

Kò di ìgbà tí a bá ré kọjá òkun kí a tó rí èso rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 1897, àwọn òṣìṣẹ́ Ìjọba ní Èkó da iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí Gómìnà McCallum yí àkókò iṣẹ́ wọn padà. Ní oṣù kẹfà 1945, nígbà tí ogun ti sọ oúnjẹ di ọ̀wọ́n, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, tí Michael Imoudu jẹ́ aṣáájú wọn, àti ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ Ìjọba mìíràn, da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tí ó lé ní oṣù kan. Ní Òjó, ní ojú ọ̀nà Àgbádárìgì kan náà, a bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Volkswagen ní 1975, èyí tí ará ìlú sọ ní Ìjàpá. A ń kó ẹ̀yà rẹ̀ ti òkè òkun wá. Àwọn ọmọ wa ń de nọ́ọ̀tì rẹ̀. Nígbà tí owó ilẹ̀ òkèèrè wọ́n lẹ́yìn 1980, tí ẹ̀yà kò sì wọlé bí ti àtẹ̀yìnwá, iṣẹ́ rọ. Nítorí ọgbọ́n tí a fi ń ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀yà náà kò sí lọ́wọ́ ẹni tí ń tò ó.

Àwọn kan yóò wí pé ọ̀lẹ ni òṣìṣẹ́, bí a kò bá ṣọ́ ọ kò ní ṣe é. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan náà tí ń wo oòrùn lẹ́yìn ọ̀gá, bí àna rẹ̀ bá bẹ ọ̀wẹ̀, a ro oko títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò sì sí ẹni tí ń ṣọ́ ọ. Kí ni ó yí padà, bí kì í ṣe iṣẹ́ náà?

Nítorí náà, ẹ̀yin baba wa, bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ èbúté bá dé ààfin, ẹ má ṣe dúró lórí iye owó ilẹ̀ àti iye ọmọ tí a ó gbà sí iṣẹ́. Ẹ béèrè pé kí òṣìṣẹ́ mọ bí a ti ṣe ìṣirò owó rẹ̀. Ẹ béèrè pé kí wọ́n yan agbẹnusọ wọn fúnra wọn, kí a sì gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí a tó yí àkókò iṣẹ́ padà. Ẹ béèrè pé kí ẹni tí ó fi ẹrù rírù bẹ̀rẹ̀ lè kọ́ iṣẹ́ tí ó ń lo orí. Kí àwa náà tí a ń gba alágbàṣe sí oko àgbọn, tí a sì ń gba ọmọ ọ̀dọ̀ sí ilé, kí a kọ́kọ́ gbá ẹnu ọ̀nà tiwa. Òfin Mósè kò fẹ́ kí owó alágbàṣe sùn mọ́ ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ lọ́wọ́ di òwúrọ̀. Mélòó nínú wa ni ó ń pa á mọ́?

Àwa olùkọ́ yóò máa kọ́ àwọn ọmọ láti fi iṣẹ́ ẹrú jẹ́ ti ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń rán wọn, ẹ rán wọn ní iṣẹ́ ọmọ.