Ọ̀RỌ̀ ILÉ: Ológbò Alátọ̀gbẹ Láàárín Àwọn Ẹgbẹ́ Rẹ̀

Ìyá kan tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ máa ń ka ojú ewé yìí lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, kọ ìwé gígùn kan sí wa. Ológbò mẹ́ta ni ń bẹ nínú ilé wọn. Akọ kan, tí àwọn ọmọ sọ ní Bàbá Ilé, ti pé ọdún 11. Abo kan jẹ́ ọmọ ọdún 6. Èyí tí ó kéré jù kò tíì ju ọdún kan àti ààbọ̀ lọ. Bàbá Ilé ti sanra rí tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àlejò fi ń fi í ṣẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi bí ẹni tí ó ti aginjù dé; ó ń tọ̀ lemọ́lemọ́, ó ń jẹun ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, síbẹ̀ ó ń rù, ó sì ń fi gìgísẹ̀ tẹlẹ̀ bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò gbé e mọ́. Oníṣègùn ẹranko yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ wò, ó ní àtọ̀gbẹ ni, ó sì fún wọn ní insulin láti máa gún un lábẹ́rẹ́ ní àárọ̀ àti ní alẹ́.

Nọ́ọ̀sì ni ìyá wa yìí, abẹ́rẹ́ kò sì bà á lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹranko náà kọ̀, kò wálẹ̀. Oníṣègùn fi kún ìwọ̀n insulin lẹ́ẹ̀kan, ó tún fi kún un lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn èyí ni ọmọbìnrin ilé jí lóru láti mu omi, tí ó bá Bàbá Ilé nídìí àwo oúnjẹ gbígbẹ tí a gbé sílẹ̀ fún àwọn yòókù, ó ń jẹ ẹ́ bí olè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá kó gbogbo oúnjẹ gbígbẹ kúrò nílẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn pé òun ti rí ìdí ọ̀ràn. Ní ọjọ́ kẹta, bí ó ti ibi iṣẹ́ òru dé, ó bá ẹranko náà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń ta gbọ̀ngbọ́n bí ọ̀mùtí, bí a sì ti pè é kò mọ ibi tí ohùn ti ń wá. Wọ́n fi oyin pa èrìgì rẹ̀, wọ́n sì sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. Ó yè. Nísinsìnyí baálé ilé ní kí a fi àwọn méjì yòókù tọrẹ, tàbí kí oníṣègùn pa èyí tí ń ṣàìsàn láìní ìrora, kí gbogbo ilé lè sinmi. Ìyá béèrè ohun tí ó yẹ kí wọn ṣe.

Àwa mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú àwọn òǹkàwé wa ní Ìbàdàn tàbí ní Àkúrẹ́ yóò dúró ní ibi tí a dé yìí, yóò sì wí pé: Insulin fún ológbò, nígbà tí ìyá àgbà tí ó wà ní òdìkejì òpópó kò rí ti ara rẹ̀ rà? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, a kò sì ní fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tí a rí sọ sí i ni pé kí a rántí ibi tí oògùn náà ti wá. Ní ọdún 1921, ní ìlú Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, ara ajá ni Frederick Banting àti Charles Best ti dán an wò títí wọ́n fi rí i pé ó ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1922 ni a tó gún ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan, Leonard Thompson, ní tirẹ̀. Ẹranko ni ó kọ́kọ́ san owó insulin kí ọmọ ènìyàn tó jèrè rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, bí ènìyàn alátọ̀gbẹ bá ń bẹ nínú ilé yín, púpọ̀ nínú ohun tí a ó sọ nípa àwo oúnjẹ àti ìwé àkọsílẹ̀ yóò wúlò fún yín.

Nípa àrùn náà fúnra rẹ̀ a kò ní pẹ́. Insulin ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn ara fún ṣúgà tí ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí kò bá tó, tàbí tí ara kò bá gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ṣúgà a kún inú ẹ̀jẹ̀, a ṣàn dà sínú ìtọ̀, a sì fa omi tẹ̀lé e. Ebi a máa pa ara láàárín ọ̀pọ̀ oúnjẹ. Ti ológbò jọ irú èyí tí ó máa ń mú àgbàlagbà láàárín ènìyàn. Àwọn tí ó sanra, àwọn akọ tí a ti tẹ̀ lọ́dàá, àwọn tí ọjọ́ orí wọn ti ń lọ, àti ìran ológbò tí à ń pè ní Burmese ni ó ń mú jù. Kí a má sì gbàgbé pé ẹran jíjẹ ni a dá ológbò fún. Oúnjẹ gbígbẹ, tí à ń dà sínú àwo bí ẹni da àgbàdo fún adìẹ, sábà máa ń ní ìyẹ̀fun nínú ju ẹran inú agolo lọ, ìyẹ̀fun náà ni ó sì ń di ṣúgà.

Ìyá wa ọ̀wọ́n, nínú gbogbo ìwé yín gbólóhùn kan ni ó mú wa dúró, ẹ sì kọ ọ́ bí ohun tí kò ṣe pàtàkì: ẹ ní àwo wọn máa ń wà nílẹ̀ tọ̀sán tòru. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn wà. Ìwọ̀n insulin tí oníṣègùn là sílẹ̀, oúnjẹ tí ó rò pé ẹranko ń jẹ ni ó fi díwọ̀n rẹ̀. Nígbà tí Bàbá Ilé ń jalè lóru, nọ́ńbà ń ga, a sì ń fi kún insulin láti bá olè jíjà náà dọ́gba, láìmọ̀. Ní ọjọ́ tí ẹ mú oúnjẹ olè kúrò, insulin tí a fi kún un kò kúrò. Ó wá dà bí ẹrù tí a dì fún ènìyàn méjì, tí a gbé ru ẹnì kan. Kò sí ẹni tí ó ṣe ibi nínú ọ̀ràn yìí. Oúnjẹ gbígbẹ yẹ láti kó kúrò; ṣùgbọ́n kí a tó yí oúnjẹ ológbò tí ń gba insulin padà, oníṣègùn ni kí á kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, nítorí ó lè jẹ́ pé ìwọ̀n abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ dínkù ní ọjọ́ náà gan-an.

Nítorí náà àwo àjọjẹ gbọ́dọ̀ dópin nínú ilé yín. Kí oúnjẹ di ìgbà méjì lójúmọ́, kí wákàtí 12 sì wà láàárín wọn: bí aago 7 òwúrọ̀ àti aago 7 alẹ́. Ẹ mú Bàbá Ilé wọ yàrá tirẹ̀ pẹ̀lú àwo tirẹ̀, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn. Ẹ fún un ní bí ìṣẹ́jú 20 tàbí 30, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé gbogbo àwo kúrò, ti àwọn yòókù pẹ̀lú. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní wọn yóò ké, wọn yóò sì wò yín bí ẹni tí ó ti di ìkà. Ẹ fara dà á. Ẹran inú agolo tí ìyẹ̀fun kò pọ̀ nínú rẹ̀ lè dára fún abo náà pẹ̀lú, bí kíndìnrín rẹ̀ bá dá, èyí sì máa ń dín wàhálà kù, nítorí ohun tí olè bá jí kò ní jù ohun tí ó wà nínú àwo rẹ̀ lọ. Ní ti ọ̀dọ́ tí ń fẹ́ jẹ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ọjọ́, àwọn kan a máa gbé tirẹ̀ sórí pẹpẹ gíga, níwọ̀n bí aláìsàn kò ti lè fò. Ìmọ̀ràn rere ni fún oṣù kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n bí insulin ti ń ṣiṣẹ́ ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń padà bọ̀ sípò, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ẹ ó sì bá Bàbá Ilé lórí pẹpẹ, pẹ̀lú àwo òfìfo. Àpótí tí a gé ihò sí lára, tí ọ̀dọ́ lè gbà wọlé tí sísanra kò jẹ́ kí àgbà lè gbà á, sàn ju pẹpẹ lọ fún ẹni tí ó ṣì sanra. Èyí tí ó dájú jù ni àwo onílẹ̀kùn tí ń ka hóró kékeré tí a fi sábẹ́ awọ ológbò, tí kì í ṣí fún ẹlòmíràn. Láti ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2024 ni òfin ti sọ pé gbogbo ológbò tí a ń sìn ní ilẹ̀ Ẹ́ńgílándì, tí ó ti ju ọ̀sẹ̀ 20 lọ, gbọ́dọ̀ ní hóró yìí lára. Nítorí náà ẹ ti ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, àwo nìkan ni ó kù láti rà. Owó rẹ̀ kò kéré, a mọ̀.

Wàyí o, abẹ́rẹ́. Ẹ kọ pé ẹ̀yin, baálé, àti ọmọbìnrin yín ni ẹ ń gún un, ẹnikẹ́ni tí ó bá wà nílé. Ẹ̀rù èyí bà wá ju ti àwo lọ. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ènìyàn méjì yóò gún un láàárọ̀ kan náà nítorí ìfẹ́. Ẹ lẹ ìwé kan mọ́ ara fíríìjì tí insulin wà nínú rẹ̀, kí ẹni tí ó bá gún un kọ wákàtí, ohun tí ó jẹ, iye insulin, àti orúkọ ara rẹ̀, kí ó tó fi ilé ìdáná sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì bóyá a ti gún un tàbí a kò tíì gún un, kí ó má gún un. Kí ó dúró di wákàtí tí ó kàn. Ṣúgà tí ó ga fún wákàtí 12 kò tó èyí tí ó já wálẹ̀ ní ewu. Bí a bá sì rí i dájú pé a ti gún un lẹ́ẹ̀méjì, ẹ fún un ní oúnjẹ, kí ẹ sì pe oníṣègùn lójú ẹsẹ̀. Oúnjẹ ni kí ó ṣáájú: bí Bàbá Ilé bá ti fi ojú rere wo àwo rẹ̀ tí ó sì ń jẹ, nígbà náà ni kí ẹ gún un. Bí ó bá kọ oúnjẹ tàbí tí ó bì í, ẹ má gún un kí ẹ tó bá oníṣègùn sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún nọ́ọ̀sì nìkan. Sírínjì insulin tí ẹ mọ̀ ní ilé ìwòsàn ènìyàn, oní-100 ni. Insulin méjèèjì tí wọ́n fọwọ́ sí fún ológbò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Caninsulin àti ProZinc, oní-40 ni. Bí ẹ bá fi sírínjì oní-100 fa oògùn oní-40, ohun tí yóò wọ ara ẹranko kò ní tó ìdajì ohun tí ẹ rò. Bí ẹ bá sì ṣe é ní òdìkejì, yóò jẹ́ ìlọ́po méjì àti ààbọ̀. Ẹ wo nọ́ńbà ara ìgò àti ti ara sírínjì, kí wọn bára mu. Ẹ ka ìwé inú páálí pẹ̀lú, nítorí insulin mìíràn wà tí a gbọ́dọ̀ mì, òmíràn sì wà tí a kàn ń rọra yí láàárín àtẹ́lẹwọ́.

Kí gbogbo ará ilé, àní àwọn ọmọdé, mọ àmì ṣúgà tí ó já wálẹ̀: ebi òjijì, àìlera, títa gbọ̀ngbọ́n, ìwárìrì, gìrì. Bí ó bá lè jẹun, ẹ fún un ní oúnjẹ kíákíá. Bí kò bá lè jẹun, ẹ fi oyin pa èrìgì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má da ohunkóhun sí i lọ́fun, ẹ má sì ti ìka bọ eyín rẹ̀ nígbà tí gìrì bá mú un. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e lọ, bí ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé ara rẹ̀ ti yá.

Ẹ̀jẹ̀ kíún láti etí lè fi ṣúgà hàn nílé. Èyí dára ju wíwọ̀n án níwájú oníṣègùn nìkan, nítorí ìbẹ̀rù nìkan a máa mú ṣúgà ológbò ga fíofío. Kí ẹ béèrè ẹ̀rọ tí a ṣe fún ẹranko, kí ẹ sì ní kí oníṣègùn sọ fún yín nọ́ńbà tí ẹ gbọ́dọ̀ torí rẹ̀ pè é, 3.5 tàbí kí ó kéré sí i jẹ́ ọ̀rọ̀ kánjúkánjú. Ìtọ̀ pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n nínú ilé ológbò mẹ́ta, ta ni ó tọ̀ ọ́? Àwo iyanrìn kan nínú yàrá Bàbá Ilé, tí a tì mọ́ ọn ní òru kan lọ́sẹ̀, yóò dáhùn.

Ó ku ti baálé ilé. Alàgbà, a kò dá yín lẹ́bi. Owó, àti oorun tí ó gé sí méjì, kì í ṣe ohun kékeré, bí ilé kan bá sì sọ nítòótọ́ pé òun kò lè gbé ẹrù yìí, oníṣègùn olóòótọ́ kò ní dójú tì wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ ìjayà kọ́ ni kí a fi dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn méjì yòókù kò ṣẹ̀. Àwo ni ó ṣẹ̀, a sì ti gbé e kúrò. Nígbà tí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ insulin fún ológbò tí a sì ń fi ẹran bọ́ ọ, a máa ń rí èyí tí ṣúgà rẹ̀ yóò padà sípò láàárín oṣù díẹ̀, tí a ó sì dá abẹ́rẹ́ dúró. Kì í ṣe gbogbo wọn, àrùn náà sì lè padà wá. Oògùn olómi kan tí à ń pè ní Senvelgo, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2023, tí ó sì ti dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà fún àwọn kan láti ẹnu lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Kò yẹ gbogbo ológbò, ó ní ewu tirẹ̀, oníṣègùn ni yóò sì sọ bóyá Bàbá Ilé, tí insulin ti wọ ara rẹ̀, lè yẹ sí i.

Ẹ ṣe èyí fún oṣù mẹ́ta kí ẹ tó pinnu. Nígbà tí ẹ bá ń gbé e lọ fún àyẹ̀wò, ẹ já ìwé ara fíríìjì náà mú lọ́wọ́, pẹ̀lú gbogbo orúkọ tí ó wà lára rẹ̀, kí oníṣègùn kà á kí ó tó fọwọ́ kan ẹranko.