Ṣé ó yẹ kí wọ́n máa fi àjálù tí ọgbẹ́ rẹ̀ kò tíì jinná ṣe fíìmù?

Nígbàkúùgbà tí ìròyìn bá jáde pé wọ́n fẹ́ fi àjálù kan tó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà ṣe fíìmù àgbéléwò, àríyànjiyàn kan náà ló máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí ayélujára. Àwọn kan á ní wọ́n fẹ́ fi òkú olókùú pa owó. Àwọn mìíràn á ní bí Nollywood kò bá sọ ìtàn náà, àwọn òyìnbó ni yóò wá sọ ọ́.

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì. Àmọ́ "ṣé kò tíì yá jù?" kọ́ ló yẹ kó jẹ́ ìbéèrè àkọ́kọ́. Ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi ẹni tó fẹ́ ṣe fíìmù ni pé: ṣé o ti bá àwọn tó kàn sọ̀rọ̀?

Ẹ wo fíìmù 93 Days tí Steve Gukas darí. Oṣù Keje ọdún 2014 ni Patrick Sawyer gbé àrùn Ebola wọ ìlú Èkó láti Liberia. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwòsàn First Consultants ní Ọbáléndé kọ̀ jálẹ̀, wọn kò jẹ́ kó kúrò níbẹ̀. Èèyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà. Mẹ́jọ nínú wọn kú, Adadevoh sì wà lára wọn. Nígbà tó di ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún náà, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde pé Ebola ti kásẹ̀ ńlẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà ni fíìmù yìí jáde. Ó yá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ló gbájú mọ́, kò fi ikú wọn ṣe ìran wíwò. Nípasẹ̀ Bimbo Akintola tó kó ipa Adadevoh, ẹni tí kò gbọ́ orúkọ náà rí mọ obìnrin tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí ọ̀nà àrùn fún Èkó.

Tó bá jẹ́ pé kí ọdún pọ̀ sí i ló ń yanjú ọ̀rọ̀, Half of a Yellow Sun tí Biyi Bandele darí kò ní níṣòro kankan. Oṣù Kínní ọdún 1970 ni ogun Biafra tó dá lé lórí parí. Síbẹ̀, ní ọdún 2014, lẹ́yìn ọdún 44, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà kò tètè fọwọ́ sí i. Ó di oṣù Kẹjọ kí wọ́n tó wò ó ní sinimá. Kò sí iye ọdún tí yóò tó fún ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ rárá.

The Milkmaid tí Desmond Ovbiagele ṣe náà rí irú rẹ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì tí wọ́n bọ́ sọ́wọ́ agbésùmọ̀mí ló dá lé lórí. Wọ́n ní kó gé apá kan kúrò nínú rẹ̀. Fíìmù yìí kan náà ni Nàìjíríà padà fi ránṣẹ́ sí Oscar. Kò yẹ kí ìjọba máa fara pamọ́ sẹ́yìn omijé àwọn tó ṣọ̀fọ̀ láti pa ẹnu òṣèré mọ́.

Àmọ́ àwọn eléré náà ní ẹjọ́ jẹ́. Ọdún 2004 ni Hotel Rwanda jáde, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí wọ́n pa àwọn Tutsi nípakúpa. Fíìmù náà sọ Paul Rusesabagina di akọni lójú gbogbo ayé. Nígbà tó yá, àwọn kan tó sá pamọ́ sí ilé ìtura Mille Collines nígbà náà sọ pé bí fíìmù ṣe sọ ọ́ kọ́ ló ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹni mélòó ló gbọ́ tiwọn? Ohun tí aráyé bá ti fojú rí nínú sinimá, ó ṣòro láti fẹnu yọ ọ́ kúrò lọ́kàn wọn.

Joel Kachi Benson gba ọ̀nà mìíràn. Ọmọbìnrin 276 ni Boko Haram jí gbé nílé ẹ̀kọ́ wọn ní Chibok lóru ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2014. Nígbà tó fẹ́ ṣe Daughters of Chibok, ìlú náà ló gbé kámẹ́rà lọ, ó sì jẹ́ kí ìyá tó ń retí ọmọ rẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ náà gba àmì ẹ̀yẹ ní Venice ní ọdún 2019. Òun kì í ṣe eré àṣàrò, àmọ́ ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún àwọn tó ń ṣeré: ẹ kọ́kọ́ lọ gbọ́ tẹnu wọn.

Ká ní ẹnìkan fẹ́ fi ìkọlù ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St Francis ní Ọ̀wọ̀ ṣe fíìmù lónìí. Ó tó èèyàn 40 tó kú níbẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022. Kó tó wá onígbọ̀wọ́ kiri ní Èkó, Ọ̀wọ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ wọkọ̀ lọ. Kó jókòó ti àwọn mọ̀lẹ́bí, kó sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún wọn, kó sì jẹ́ kí wọ́n wo iṣẹ́ náà kó tó dé sinimá. Bí ìdílé kan bá ní àwọn kò fẹ́, kó yọ orúkọ àti ìtàn ẹni wọn kúrò. Àjálù lè jẹ́ ti gbogbo orílẹ̀èdè, àmọ́ ẹbí ló ni òkú.

Àwọn kan á ní ìdákẹ́jẹ́ ló sàn jù. Ta ló dákẹ́? Ọjọ́ tí ìkọlù náà ṣẹlẹ̀ gan-an ni àwòrán ẹ̀jẹ̀ ti ń káàkiri orí fóònù, láìsí orúkọ, láìsí àlàyé, láìsí ẹni tó tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí kò bá sí ẹni tó fara balẹ̀ sọ ìtàn náà, irú fídíò bẹ́ẹ̀ nìkan ni yóò ṣẹ́ kù fún àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí.

Ojú àpá kò lè jọ ojú ara, kò sì sí fíìmù tó lè jí òkú. Ṣùgbọ́n bí ìyá tó sin ọmọ rẹ̀ bá lè jókòó sí ìlà iwájú lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn, tó wò ó parí, tó sì sọ pé "ọmọ mi nìyẹn", fíìmù náà kò yá jù. Bí wọn kò bá tilẹ̀ ronú àtipè é, ó yẹ kí wọ́n gbé kámẹ́rà wọn sílẹ̀ ná.