A Ti Kóòtù Bọ̀, A Ṣọ̀rẹ́

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Mo tako òwe yìí láti Nkembo, ní Libreville, níbi tí ọmọ Mali àti ọmọ Burkina Faso ti jọ ń ná ọjà kan náà.

Láti 1983 ni ìjọba méjèèjì ti gbé ẹjọ́ ilẹ̀ Agacher lọ sí Kóòtù Àgbáyé. Kí ló wá dé tí bàálù ogun Mali fi ju bọ́ǹbù sí ọjà Ouahigouya lọ́jọ́ Kérésìmesì 1985, tí ti Burkina Faso sì ju tirẹ̀ sí Sikasso? Ogun tí kò pé ọ̀sẹ̀ kan náà kò fi ẹsẹ̀ bàtà kan kún ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ìdájọ́ 1986 ni ó pín in, wọ́n sì gbà. Ta ni yóò dá àwọn òkú ọjà padà?